Ìṣó Tí Kò Ní Okùn

"Okùn ta ló ń parọ́ nínú yín?"

Tíṣà Maarman ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró níwájú pátákó ńlá tí wọ́n gbé ti ògiri gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí. Davel ń wo bàtà rẹ̀. Elzane ń wo pátákó. Rozelda ń wo Elzane.

Ìṣó mẹ́fà ló wà lára pátákó náà. Wọ́n tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìṣó kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ìlú kan. Brandvlei ló wà lókè pátápátá, níhà àríwá. Williston tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Fraserburg, Sutherland tí ilé ẹ̀kọ́ wọn wà, Laingsburg, àti Riversdale nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́ kan òkun. Okùn pupa kan, tí ìyá àgbà Davel fi irun àgùntàn ran, gba orí ìṣó kọ̀ọ̀kan kọjá sọ́tùn-ún àti sósì. Bí ìràwọ̀ kan ṣe pẹ́ tó kó tó jí ní ìlú kan, bẹ́ẹ̀ ni okùn ìlú náà ṣe gùn tó.

Ìràwọ̀ tó kú tó sì tún jí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Láàárín Máàsì àti Júpítà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpáta ló ń yí oòrùn ká. Ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ni Interamnia. Ọkùnrin ará Ítálì kan, Vincenzo Cerulli, ló kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1910 ní ìlú Teramo, ó sì fi orúkọ àtijọ́ tí ìlú rẹ̀ ń jẹ́ sọ ọ́. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "àárín odò méjì". Ọjọ́ tí Tíṣà sọ èyí fún wọn ni Davel pariwo láti ẹ̀yìn kíláàsì pé, "Àárín odò méjì kẹ̀? Kó má ṣe sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa níbí o, òùngbẹ á gbẹ ẹ́ pa!"

Àpáta yìí dúdú bí èédú. Kò tó wákàtí mẹ́sàn-án tó fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó fẹ̀ tó ìrìn àjò láti Sutherland dé Cape Town, ṣùgbọ́n ó jìnnà débi pé nínú awò ìràwọ̀ kékeré, kò ju àmì iná tín-ín-rín lọ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ bó ṣe rí? Ọ̀nà kan wà. Nígbà mìíràn, á gba iwájú ìràwọ̀ kan kọjá. Òjìji rẹ̀ á bọ́ sórí ilẹ̀ ayé, á sì máa sáré lọ. Ẹni tó bá wà nínú òjìji náà á rí i tí ìràwọ̀ kú lójijì, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ àtùpà pa, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á tún jí. Tẹni tó wà láàárín á pẹ́, tẹni tó wà létí kò ní pẹ́. Tí wọ́n bá wá kó àkókò gbogbo wọn jọ, wọ́n á mọ bí àpáta náà ṣe rí, bí ìgbà tí afọ́jú bá fọwọ́ kan ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sì mọ bó ṣe rí.

Rozelda ló jẹ́ kí èyí yé kíláàsì. Nígbà tí Tíṣà ń ṣàlàyé tí gbogbo wọn ń wò bọ̀ọ̀, ó sáré lọ sí ilé ìdáná họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó mú ọ̀dùnkún kan àti tọ́ọ̀ṣì, ó sì fi òjìji ọ̀dùnkún náà gba ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ah!" ni gbogbo kíláàsì ń pè. Láti ọjọ́ náà ni Rozelda ti ń ronú pé òun ni Tíṣà á yàn láti lọ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Cape Town. Ẹnì kan péré ni ilé ẹ̀kọ́ lè rán lọ.

Elzane ni Tíṣà yàn.

Yàrá kan náà ni Elzane àti Rozelda ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Elzane mọ̀rọ̀ sọ. Tó bá rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò gbọ́ àwàdà náà á máa bá a rẹ́rìn-ín. Lóṣooṣù ni àbúrò bàbá rẹ̀ máa ń fi ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù gbé páálí èso gbígbẹ àti ẹran gbígbẹ wá fún un, Rozelda sì máa ń jẹ níbẹ̀. Elzane kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Ká ní ó ti bú u lẹ́ẹ̀kan péré ni, Rozelda ì bá ní ohun tó máa dì mú. Àmọ́ ṣe ni yóò sùn lóru, tí yóò máa gbọ́ mímí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí yóò sì máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ọ̀dùnkún mi ni. Èmi ni mo lọ gbé ọ̀dùnkún yẹn."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí òjìji náà kọjá, ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ bọ́ sí i, tí gbogbo ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi lè tò wọ́n káàkiri àwọn ìlú náà. Òun fúnra rẹ̀ lọ sílé àwọn àna rẹ̀ ní Riversdale. Iṣẹ́ náà kò ṣòro: kí kálukú gbé awò ìràwọ̀ kalẹ̀, kí ó gbé rédíò tó ń ró kọ́-kọ́-kọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi fóònù gba ohùn sílẹ̀. Tí ìràwọ̀ bá kú, kí ó pariwo "Ó kú!" Tó bá jí, kí ó pariwo "Ó jí!"

Ní Brandvlei, ìlú rẹ̀ tí wọ́n ti ń kó iyọ̀ nínú adágún gbígbẹ, ẹ̀yìn abà tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn ni Rozelda dúró sí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bàbá àgbà rẹ̀ jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí. Òtútù mú débi pé omi inú ìkòkò ajá ti dì. Rozelda lẹ ojú mọ́ awò. Ìràwọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń tàn.

Àkókò tó. Rédíò ń ró.

"Ó ṣì wà," ni Rozelda sọ sínú fóònù.

Rédíò ń ró.

"Ó ṣì wà."

"Ṣé kò tíì kú ni?" ni bàbá àgbà béèrè.

"Kò tíì kú, Bàbá."

"Bóyá kò fẹ́ kú lónìí. Ká fi sílẹ̀. Èmi náà ò tíì fẹ́ kú."

Rozelda ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìràwọ̀ náà títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Kò kú. Àkókò kọjá, ìràwọ̀ dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń retí òun.

Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Davel kọ ọ́ sí ojú ìwé ẹgbẹ́ wọn lórí fóònù pé, "Tèmi kú! Ó pẹ́ débi pé ẹ̀rù bà mí!" Elzane kọ ọ́ pé, "Ó kú, ó jí! Mo sunkún! Gbogbo ilé wa ló ń jó!" Davel tún kọ ọ́ pé, "Ará Brandvlei dà? Àbí iyọ̀ lẹ ṣì ń kó lálẹ́ yìí?"

Rozelda tẹ "Kò kú". Ó wò ó. Ọmọ ọ̀rọ̀ méjì. Gbogbo ayé rí nǹkan, òun nìkan ni kò rí nǹkan kan. Elzane yóò lọ sí Cape Town, yóò dárúkọ gbogbo ìlú tó ní okùn, tó bá kan Brandvlei, yóò fò ó. Ó rí ẹ̀rín Elzane lọ́kàn rẹ̀. Ó pa ọ̀rọ̀ méjèèjì rẹ́, ó sì kọ òmíràn:

"Tèmi náà kú. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Òtútù pa bátìrì fóònù mi nígbà náà, ohùn kankan ò wọlé; ìdí iná ni mo gbé e sí kó tó tún tàn."

Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kejì. Ní ilẹ̀ wọn, òtútù máa ń pa bátìrì.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé iwájú pátákó. Láti Riversdale títí dé Fraserburg, àwọn okùn náà ń gùn sí i, wọ́n sì tún ń kúrú bọ̀ bó ṣe yẹ, bí búrẹ́dì roboto. Okùn Elzane ní Williston kúrú gan-an. Lẹ́yìn náà, lókè réré, okùn kékeré Rozelda wá dá dúró ní Brandvlei. Àpáta náà ti di akèrègbè, ó ní ọrùn gígùn.

"Àpáta tó tóbi tó báyìí," ni Tíṣà wí, "ìwúwo ara rẹ̀ á ti fà á wọlé láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi rí roboto. Ibo ló ti rí ọrùn? Okùn kan ń parọ́ níbí. Bóyá kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ni?"

Rozelda mọ̀. Bó bá lanu báyìí, ojú yóò tì í díẹ̀, yóò sì parí. Ó lanu lóòótọ́.

"Tíṣà," ló wí, "ṣé ẹ fetí sí ohùn tí Elzane gbà sílẹ̀ dáadáa? Ariwo pọ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé kí wọ́n pa iná ọkọ̀."

Elzane yíjú sí i. "Àbúrò bàbá mi ló ṣèèṣì tan iná pikọ́ọ̀pù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á kí ìràwọ̀ tó kú!"

"Iná ọkọ̀ máa ń mú kí ojú ṣú fúngbà díẹ̀," ni Rozelda sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó lè ti kú kó o tó rí i. Bóyá ó pẹ́ ju bó o ṣe rò lọ."

Tíṣà Maarman gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin ń kọrin, ajá ń gbó, ẹnì kan ń pariwo pé, "Pa iná yẹn, ìwọ òmùgọ̀!" Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó tú okùn Elzane kúrò lára pátákó, ó ká a, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Má bínú, Elzane. Mi ò lè gbé ohun tí kò dá mi lójú lọ sí Cape Town. Ẹni tí okùn rẹ̀ ò sí lórí pátákó ò sì lè lọ sọ̀rọ̀ nípa pátákó." Ó wo yíká. "Rozelda, ìwọ lo mú ọ̀dùnkún wá níjelòó. Ìwọ ni wàá lọ."

Ohun tí Rozelda ti ń fẹ́ nìyí. Ó retí kí inú òun dùn. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́, títí wọ́n fi dé yàrá.

Elzane ò bá a jà. Ó dùbúlẹ̀, ó fi fóònù sí etí, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ní àgbọ́túngbọ́: Ó kú! Ó jí! Ó ń fi ìka ka ìró rédíò. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹta, ó dìde jókòó.

"Rozelda, ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pariwo kó má pẹ́. Sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé mo pẹ́?"

"Mi ò mọ̀," ni Rozelda dáhùn. "Mi ò sí níbẹ̀."

"Ó dá mi lójú. Àmọ́ kò dá ẹnikẹ́ni mìíràn lójú." Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó fa kóòtù aláwọ̀ ewé jáde, èyí tí ìyá rẹ̀ rà fún un fún ìrìn àjò náà. "Gbà. Òjò ń rọ̀ ní Cape Town báyìí, tìrẹ sì ti ya ní apá. Má jẹ́ kí wọ́n máa wo apá rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ ni kí wọ́n máa gbọ́."

Rozelda gba kóòtù náà. Ó wọ̀ ọ́, ó bá a mu rẹ́gí. Ó bọ́ ọ kíákíá bí ẹni tí iná jó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ náà pé sí gbọ̀ngàn kí Rozelda lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò. Elzane jókòó sẹ́yìn. Rozelda sọ ìtàn Cerulli àti ìlú rẹ̀. Ó sọ nípa dúdú àpáta náà àti bó ṣe ń yí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. Davel pàtẹ́wọ́.

"Ó dára," ni Tíṣà wí. "Ẹ jẹ́ ká ní mo jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó le. Mo bi ọ́ pé: ọmọbìnrin, níbo ni àpáta yìí parí sí níhà àríwá?"

Rozelda wo pátákó. Wọ́n ti tú okùn Elzane kúrò, àpáta náà sì ti wá rí ṣóńṣó bí òkè tí atẹ́gùn ń gbẹ́. Okùn rẹ̀ ló wà ní góńgó. Kò sí nǹkan kan lókè rẹ̀.

"Ó... ó lè parí sókè Brandvlei díẹ̀, Tíṣà. Tàbí kó lọ jìnnà sí i."

"Wàhálà wa nìyẹn." Tíṣà Maarman fọwọ́ nu ojú. "Etí gúúsù, a lè fojú bù ú. Ti àríwá ló sọnù. Ṣé ẹ mọ ohun tó wù mí kí n rí ju ohunkóhun lọ? Ẹnì kan péré lápá òkè tó wo ìràwọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sì kú. Ká ní a rí ẹni bẹ́ẹ̀ ni, à bá mọ̀ pé òjìji ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni à bá sì fa ìlà sí. Ẹni tí kò rí nǹkan kan yẹn gan-an ni à ń wá."

Ọmọ darandaran ni Rozelda. Láti kékeré ló ti ń bá bàbá àgbà rẹ̀ wá àgùntàn tó sọnù, kò sì sí ọmọ darandaran tí kò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ìgbẹ́ àgùntàn wà nìkan ni wọ́n ń wò. Ibi tí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí kò sí ìgbẹ́ kankan, ibẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé agbo ò kọjá ibẹ̀, ó ti yí padà. Ó mọ èyí lórí ilẹ̀. Báwo ni kò ṣe mọ̀ ọ́n lójú ọ̀run?

Ó mọ ìdí. Elzane ni òun ń wò. Òun kò wo ìràwọ̀.

Ó rìn lọ síbi pátákó. Ó tú okùn Brandvlei kúrò.

"Kí lò ń ṣe?" ni Tíṣà béèrè.

Rozelda gbé okùn náà sílẹ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e sókè. Kọ́-kọ́-kọ́, ni rédíò ń ró nínú gbọ̀ngàn. "Ó ṣì wà," ni ohùn rẹ̀ wí. Kọ́-kọ́-kọ́. "Ó ṣì wà." Ikọ́ àgbàlagbà kan. "Ṣé kò tíì kú ni?" "Kò tíì kú, Bàbá." "Bóyá kò fẹ́ kú lónìí."

Davel fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Rozelda, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Òtútù ò pa bátìrì mi," ni Rozelda wí. "Ìràwọ̀ tèmi ò kú rárá. Mo parọ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ yẹn. Okùn tèmi ló ń parọ́, Tíṣà. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ béèrè, mo sì nawọ́ sí Elzane."

Elzane dìde láti ẹ̀yìn.

"Ọjọ́ mélòó ni mo fi ń bi ara mi bóyá ojú mi ò dáa?" Ohùn rẹ̀ ò ga, ìyẹn ló burú níbẹ̀. "O wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ò ń gbọ́ mi. Mo fún ọ ní kóòtù mi, Rozelda."

"Mo mọ̀."

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Mò ń jowú rẹ ni."

Elzane kò gbá a mọ́ra, kò sì bú u. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi pátákó, ó yọ okùn tirẹ̀ nínú àpò, èyí tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ náà, ó sì na án padà sórí ìṣó Williston.

Ọrùn akèrègbè ti lọ. Okùn kúkúrú Elzane bá okùn Fraserburg mu, ó tẹ̀ sínú bó ṣe yẹ kí orí ohun roboto tẹ̀ sínú. Lójú gbogbo wọn, èédú ńlá tó ń yí po láàárín Máàsì àti Júpítà dúró sórí pátákó, ó pé, àyàfi pé kò tíì sí ẹni tó sọ ibi tó parí sí.

"O ò ní lọ sí Cape Town," ni Tíṣà Maarman sọ fún Rozelda.

"Mo mọ̀, Tíṣà."

"Elzane ló máa lọ. Ìwọ á sì dúró níwájú gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, wàá tún ohun tó o sọ níbí yìí sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Davel ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti ń nawọ́ láti fa ìṣó Brandvlei yọ, torí kò ní okùn mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Ẹ dúró ná. Ẹ wò ó."

Gbogbo wọn wò ó. Ìṣó kan ṣoṣo wà lókè orí àpáta náà, kò sí okùn kankan lára rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan án mọ́ ibẹ̀ ló ti yẹ kó wà bẹ́ẹ̀, lásán, ní ojútáyé. Àpáta ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láàárín rẹ̀ àti okùn Elzane ni etí àríwá wà.

Tíṣà Maarman mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì fa ìlà roboto náà pé.

"Ìwọ ò ní lọ," ló tún wí fún Rozelda, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìṣó rẹ máa lọ."

Owú ti sọ fún Rozelda pé ohun tí òun ní kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá ń fi ìpín ẹlòmíràn wọn tirẹ̀, á gbé òtítọ́ tirẹ̀ jù sí igbó, á sì fi irọ́ rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òtítọ́ yẹn gan-an ni gbogbo ayé ń wá. Elzane yíjú sí i, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, ó nawọ́ sí ìṣó tí kò ní okùn náà.

"Ó dára," ló wí. "Wá ṣàlàyé èyí fún mi, kí n lè mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."